Ìlànà Agile Nínú Àkóso Òṣìṣẹ́ àti Ìdarí Ilé-Iṣẹ́

Agile ni orúkọ ìlànà iṣẹ́ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí ó sì ti wọ ilé-ìfowópamọ́, ilé-iṣẹ́ ìjọba àti ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní kúkurú, ohun tí ó dúró lé ni pé kí a má ṣe di iṣẹ́ ńlá jọ títí ọdún yóò fi parí kí a tó tú u wò. Kí a gé e sí wẹ́wẹ́, kí a ṣe ìwọ̀nba rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí a gbé e síwájú ẹni tí yóò lò ó, kí a sì fi ohun tí onítọ̀hún bá rí tún ìyókù ṣe.

A kọ àlàyé yìí nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti ń yọjú nínú ìpolówó iṣẹ́, nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọ̀gá, àti nínú ìwé tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń fi lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún ètò wọn tò. Ẹni tí a bá fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ náà lè rí ohun mú lò níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní pè é ní agile.

Ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá

Gbòǹgbò rẹ̀ wà ní Jàpáàn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota kò ní owó tí ó lè fi kó òkìtì ẹ̀yà ọkọ̀ pamọ́ bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ṣe. Ẹnjiníà kan níbẹ̀, Taiichi Ohno, wá ọ̀nà tí ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò fi máa ṣe kìkì ohun tí ibi iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e bá béèrè. Káàdì ni wọ́n fi ń béèrè: bí ẹ̀yà inú àpótí bá ti ń lò tán, káàdì ara àpótí náà a padà sẹ́yìn, èyí ni ó sì jẹ́ àṣẹ láti ṣe òmíràn. Kanban ni wọ́n ń pe káàdì náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn kò ju pátákó àmì lọ. Wọ́n tún ta okùn kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó bá rí àbùkù, ìbáà jẹ́ ẹni tí ó kéré jù lọ níbẹ̀, ní àṣẹ láti fa okùn náà. Bí a kò bá sì tètè yanjú ohun tí ó rí, gbogbo iṣẹ́ orí ìlà náà a dúró. A ó padà sí ọ̀rọ̀ okùn yìí, nítorí òun ni ó ṣòro jù láti mú wọ ilé-iṣẹ́ tiwa.

Ní 1986, àwọn ọ̀mọ̀wé Jàpáàn méjì, Hirotaka Takeuchi àti Ikujiro Nonaka, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Harvard Business Review nípa bí àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Honda àti Canon ṣe ń ṣe ọjà tuntun. Wọ́n ṣàlàyé pé iṣẹ́ níbẹ̀ kò dà bí eré ìje tí ẹnì kan ń sá tirẹ̀ tán kí ó tó fa ọ̀pá lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó dà bí eré rugby, níbi tí gbogbo ikọ̀ ti jọ ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú. Inú àfiwé yẹn ni orúkọ scrum ti jáde, èyí tí í ṣe ọ̀nà agile tí ó gbajúmọ̀ jù lọ. Jeff Sutherland àti Ken Schwaber ni wọ́n gbé e kalẹ̀ ní gbangba ní 1995. Ní oṣù kejì ọdún 2001, ènìyàn 17 tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà pàdé ní Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì kọ ìwé kúkurú kan tí ó fún gbogbo irú ọ̀nà wọ̀nyí ní orúkọ kan ṣoṣo. Kókó rẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níye lórí ju irinṣẹ́ lọ, ohun tí oníbàárà lè lò lónìí sàn ju òkìtì ìwé nípa rẹ̀ lọ, kò sì sí ètò tí ó yẹ kí a rọ̀ mọ́ nígbà tí ayé bá ti yí kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ẹwà ọ̀rọ̀ wọn ni ó mú kí àwọn ìjọba fetí sí i. Owó ni. Àpẹẹrẹ kan tí ó hàn gbangba ni ti FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, tí ó fẹ́ kó àkọsílẹ̀ ẹjọ́ kúrò lórí bébà bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ètò àkọ́kọ́ jẹ nǹkan bí mílíọ̀nù 170 dọ́là. Ní 2005 wọ́n pa á tì láì lò ó. Ní 2006 wọ́n gbé òmíràn tí wọ́n pè ní Sentinel fún agbaṣẹ́ṣe ńlá kan, òun náà sì ń falẹ̀. Ní 2010 àjọ náà gba iṣẹ́ náà padà sọ́wọ́ ara rẹ̀, ó kó ikọ̀ kékeré jọ sínú ọ́fíìsì kan náà, ó ní kí wọ́n máa gbé ohun tí wọ́n bá ti ṣe jáde fún àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ní oṣù keje 2012, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí lò ó.

Ìgbéléwọ̀n òṣìṣẹ́

Ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ni ìlànà yìí dé gbẹ̀yìn, kò sì yani lẹ́nu. Iṣẹ́ ẹ̀ka náà ni láti pa òfin mọ́ àti láti rí i pé ohun tí a ṣe fún Lágbájá ni a ṣe fún Tàmẹ̀dò. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù tí ó sì gbajúmọ̀ jù ni ti ìgbéléwọ̀n ọdọọdún.

Gbogbo ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ọba rí mọ APER, fọ́ọ̀mù tí òṣìṣẹ́ ń kọ́kọ́ kọ tirẹ̀ sí, tí ọ̀gá ń kọ èrò rẹ̀ sí lẹ́yìn náà, tí a fi ń wo ẹni tí ìgbéga tọ́ sí. Ó pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń ráhùn pé ọ̀gá kì í fẹ́ fún ẹnikẹ́ni ní máàkì tí yóò dá ìjà sílẹ̀, nítorí náà gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ka kan a máa dọ́gba lórí bébà bí ìka ọwọ́ tí a gé. Ìráhùn yìí kì í ṣe ti òní. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji darí, tí ó jábọ̀ fún ìjọba àpapọ̀ ní 1974, ti dá a lábàá pé kí iṣẹ́ ọba di èyí tí a ń fi àbájáde wọ̀n, kí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jọ fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi àwọn àgbà wa léèrè nípa Udoji, owó ni wọn yóò rántí: àfikún owó oṣù àti àjẹsílẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ra rédíò àti alùpùpù. A ná owó náà tán. Àbá nípa ọ̀nà iṣẹ́ wà nínú ìwé. Ètò tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ fún àtúnṣe iṣẹ́ ọba láti 2021 sí 2025 tún fi ìgbéléwọ̀n tuntun sáàrin àwọn ohun tí ó mú ní ọ̀kúnkúndùn, tí ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán.

Níbòmíràn, ilé-iṣẹ́ aládàáni ni ó kọ́kọ́ gé okùn náà. Adobe, tí ó ṣe Photoshop, ṣírò ní 2012 pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ ń lo wákàtí 80,000 lọ́dọọdún lórí ìgbéléwọ̀n, èyí tí ó tó iṣẹ́ ènìyàn 40 fún odindi ọdún kan. Èyí tí ó burú jù ni pé ìwé ìkọ̀wéfiṣẹ́sílẹ̀ a máa pọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pín èsì. Ilé-iṣẹ́ náà pa fọ́ọ̀mù rẹ́, ó pa ìtòlẹ́sẹẹsẹ ẹni tí ó gba ipò kìíní títí dé ẹni ìkẹyìn rẹ́ pẹ̀lú, ó sì ní kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan máa bá òṣìṣẹ́ rẹ̀ jókòó sọ̀rọ̀ nígbà púpọ̀ láàrin ọdún: kí ni mo ń retí lọ́wọ́ rẹ, báwo ni ó ṣe ń lọ, kí ni o nílò láti tẹ̀ síwájú. Ní 2013 Microsoft náà dẹ́kun títo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lé ara wọn lórí bí ọmọ iléèwé. Ní 2015 Deloitte sọ ní gbangba pé òun ń lo nǹkan bí mílíọ̀nù méjì wákàtí lọ́dún lórí ètò kan náà. Ó fi ìbéèrè mẹ́rin péré rọ́pò rẹ̀, èyí tí ọ̀gá ikọ̀ yóò máa dáhùn bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ti parí.

Ìdí tí ìgbéléwọ̀n ọdọọdún kì í fi í sọ òótọ́ kò ṣòro láti rí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá ni ọ̀gá ń rántí ní oṣù kejìlá. Òṣìṣẹ́ tí ó fi gbogbo oṣù kejì sí ìkẹta gbé ẹ̀ka rẹ̀ dúró, tí ó wá pẹ́ dé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ní ìparí ọdún, ìpẹ́dé ni yóò bá nínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tí ń ṣe àṣìṣe kan náà láti oṣù kẹrin kò gbọ́ títí oṣù mẹ́jọ fi kọjá. Ta ni yóò san owó àṣìṣe oṣù mẹ́jọ náà? Ní èrò tiwa, ibí yìí ni agile ti wúlò jù lọ fún ẹnikẹ́ni tí ó gba ènìyàn síṣẹ́, kò sì gba owó kọ́bọ̀. Ìjókòó ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan lóṣù, pẹ̀lú ìwé kékeré kan tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí, a ṣe ju fọ́ọ̀mù olójú ewé mẹ́jọ lọ. Ìwé kékeré náà ṣe pàtàkì o. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò lè gba òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá yí padà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gba ọ̀gá lọ́jọ́ ẹjọ́.

Gbígba ènìyàn síṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ṣe àpèjúwe. Ó nílò olùkọ́ Ìṣirò méjì kí sáà tuntun tó wọlé. Ọ̀nà tí a mọ̀ ni pé kí a polówó, kí a kó ìwé jọ fún oṣù kan, kí a pe ènìyàn ọgbọ̀n lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí a mú méjì. Bí àwọn méjì náà bá kọ iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ iye owó oṣù, sáà ti wọlé nìyẹn.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá tẹ̀ lé ìlànà agile yóò kọ́kọ́ gbé pátákó kan kọ́ sí ọ́fíìsì, yóò pín in sí mẹ́ta: ohun tí a kò tíì ṣe, ohun tí ó ń lọ lọ́wọ́, ohun tí ó ti parí. Orúkọ olùwáṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò wà lórí bébà kékeré tí a lè ṣí láti apá kan lẹ̀ mọ́ òmíràn. Kò ní ju ènìyàn mẹ́rin lọ tí yóò wà ní àárín lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ohun tí a kò lè yanjú láàrin ọ̀sẹ̀ kan kò yẹ kí a kó jọ. Kàkà kí wọ́n fi ìbéèrè pá àwọn mẹ́rin náà lórí, wọn yóò ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́ kíláàsì kan fún ogún ìṣẹ́jú, kí àwọn olùkọ́ tí yóò bá a ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọn yóò jókòó wo pátákó. Bí wọ́n bá rí i pé àwọn tí ó mọ iṣẹ́ kì í padà wá, wọn yóò béèrè ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé a kò kọ iye owó sínú ìpolówó ni, wọn yóò kọ ọ́ sínú èyí tí ó kàn. Ọ̀sẹ̀ kan ni àṣìṣe náà jẹ, kò jẹ sáà kan.

Nínú scrum, àwọn sáà kúkurú yìí ni a ń pè ní sprint, ọ̀kan nínú wọn kò sì gbọdọ̀ ju oṣù kan lọ. Ikọ̀ kì í sábà ju ènìyàn mẹ́wàá lọ. Ìjókòó òòjọ́ wọn kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀pọ̀ a sì máa ṣe é ní ìdúró kí ẹnikẹ́ni má bàa rí àga fẹ̀yìn tì. Ìyẹn náà ni ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa rẹ̀. Ìyókù orúkọ àti oyè tí àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ ń tà, ẹni tí ó bá ní owó rẹ̀ lè rà á.

Ọ̀gá àti okùn

Iṣẹ́ ọ̀gá ni ó yí padà jù nínú ìlànà yìí. Ọ̀gá kò ní pín iṣẹ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ kí ó sì máa ṣọ́ wọn títí di alẹ́. Òun ni yóò sọ ohun tí ó ṣe pàtàkì jù àti ìdí rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ni yóò sọ bí wọn yóò ṣe ṣe é àti iye tí wọ́n lè parí láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ọ̀gá ni láti mú ohun ìdènà kúrò lọ́nà: owó epo jẹnẹrétọ̀ tí a kò fọwọ́ sí, ẹ̀ka kejì tí kò dá ìwé padà, irinṣẹ́ tí ó bàjẹ́.

Gbogbo èyí rọrùn láti kọ sílẹ̀. Ibi tí ó ti ń ta kókó ni okùn Toyota tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé-ìtẹ̀wé kan níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ètò ìgbéyàwó. Ọmọ iṣẹ́ tí ó kéré jù rí i pé a ti kọ orúkọ ìyàwó ní àkọgbé. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni ó ka ìwé náà kí ó tó lọ sí ẹ̀rọ. Ọmọ náà mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, wọn yóò béèrè bóyá òun gbọ́n ju ọ̀gá lọ. Ó dákẹ́, ẹ̀rọ sì tẹ ẹgbẹ̀ta ẹ̀dà. Owó ìwé, owó yíǹkì àti oníbàárà ló bá a lọ.

A kò gbọ́dọ̀ tàn ara wa jẹ pé ọ̀wọ̀ àgbà ni ó fa ìyẹn. Àwọn baba wa ni wọ́n sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Wọn kò sọ pé kí ọmọdé dákẹ́. Ohun tí ó pa ọmọ iṣẹ́ náà lẹ́nu mọ́ ni pé kò sí ọ̀nà kan tí a yà sọ́tọ̀, tí ó lè gbà sọ̀rọ̀ láì dà bí ẹni tí ń rí ọ̀gá fín. Bí a bá ṣe òfin pé kò sí iṣẹ́ tí yóò wọ ẹ̀rọ láì jẹ́ pé ẹnì kan tí kò kọ ọ́ ti kà á sókè, ọmọ náà kò ta ko ẹnikẹ́ni mọ́. Òfin ni ó tẹ̀ lé. Yóò kàn sọ pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibí yìí,” kò sì ní di ọ̀rọ̀.

Ọ̀nà kan náà ni a lè gbà ṣe ìjókòó àyẹ̀wò tí agile ní kí ikọ̀ máa ṣe ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀gá bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìjókòó ti parí, nítorí gbogbo ènìyàn yóò gbà pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹni tí ó kéré jù ní ọjọ́ orí tàbí ní ipò ṣáájú, kí ọ̀gá kẹ́yìn. Kí ìbéèrè dá lórí iṣẹ́, kí ó má dá lórí ènìyàn: “Kí ni ó dá wa dúró ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun?” yàtọ̀ sí “Ta ni ó dá wa dúró?” Bí ẹ̀rù bá ṣì ń bà wọ́n, kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀ sínú bébà láì kọ orúkọ, kí ẹnì kan kà á jáde. Kí a sì mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀, kí a tún un ṣe kí ìjókòó tí ó ń bọ̀ tó dé. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí wọn kò rí ohunkóhun tí ó yí padà kò ní sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ní kí gbogbo ènìyàn tún wáṣẹ́

Apá yìí ni ó kan àwọn òṣìṣẹ́ jù. Ní 2015, ING, ilé-ìfowópamọ́ ńlá ní orílẹ̀-èdè Netherlands, tú olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tò. Nǹkan bí òṣìṣẹ́ 3,500 ni ó kàn. Wọ́n pa àwọn ẹ̀ka àtijọ́ rẹ́, wọ́n kó òṣìṣẹ́ sínú ikọ̀ tí kò ju ènìyàn mẹ́sàn-án lọ, wọ́n sì di ikọ̀ wọ̀nyí pọ̀ sí agbo ńlá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ lè tó ènìyàn 150. Ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ayélujára bíi Spotify ni wọ́n ti kọ́ ọ. Kí èyí tó ṣeé ṣe, wọ́n ní kí olúkúlùkù òṣìṣẹ́ tún wáṣẹ́ nínú ètò tuntun náà. Nǹkan bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó bọ́ sí ipò tí ó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn kò sì rí àyè, láàrin wọn sì ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ dáadáa wà. Ilé-ìfowópamọ́ náà gbà pé ìwà àti ọkàn tí ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́ ni òun wò ju ìmọ̀ lọ.

Àwọn tí ń yin ìtàn yìí kì í sábà sọ ìlà tí ó kẹ́yìn yẹn. Ó yẹ kí a sọ ọ́, nítorí kò sí ohun tí ó dí agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ láti pe ìdínkù òṣìṣẹ́ ní agile. Kò sì sí orúkọ tí ó lè mú ohun tí òfin wí kúrò. Òfin Iṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sọ ní abala 7 pé kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí ó sọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tó pé, àti pé bí àdéhùn náà bá yí padà, kí ó fi tó o létí ní ìwé láàrin oṣù kan. Ẹni tí a bá ti inú ẹ̀ka kan gbé sí ikọ̀ tuntun, tí iṣẹ́ rẹ̀ tàbí wákàtí rẹ̀ sì yí padà, ní ẹ̀tọ́ sí ìwé náà. Abala 13 sọ pé òṣìṣẹ́ tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí gbogbo rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, kí ó sì ní odindi ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje. Sprint kò fagi lé e.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé orí ìdínkù, abala 20 ni kí ẹ kà. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ìdí ìdínkù náà àti bí yóò ti pọ̀ tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn. Ìlànà tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé ni pé ẹni tí ó dé kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú àyè láti wo ìmọ̀, agbára àti ìṣeégbẹ́kẹ̀lé olúkúlùkù. Ó sì gbọ́dọ̀ sapá láti bá wọn ṣe àdéhùn lórí owó tí yóò san fún àwọn tí ń lọ. Ní ti ìfitónilétí, abala 11 ka ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tí ó ti kọjá oṣù mẹ́ta ṣùgbọ́n tí kò tó ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tí ó ti ṣe ọdún méjì ṣùgbọ́n tí kò tó márùn-ún, àti oṣù kan fún ẹni tí ó ti tó ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tí ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni Òfin Iṣẹ́ ń pè ní òṣìṣẹ́. Máníjà, onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn mìíràn tí ó wà ní ipò àkóso, ìwé àdéhùn tiwọn ni kí wọ́n wò. Àwọn òṣìṣẹ́ ọba ní òfin iṣẹ́ ọba tí ń dáàbò bò wọ́n.

Iṣẹ́ tí kò bá a mu

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ni a ń dán wò. Owó oṣù gbọ́dọ̀ wọlé ní ọjọ́ rẹ̀, kí ó sì pé. Kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò gbà pé kí a fi ìdajì rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ná. Owó ìfẹ̀yìntì, owó orí àti òfin ààbò ní ibi iṣẹ́ rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Níbẹ̀, ọ̀nà tí ó dúró sójú kan ni ó dára, kí a sì fi agile sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí a kò mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀: bí a ó ṣe rí òṣìṣẹ́ tí ó dáńtọ́, bí a ó ṣe kọ́ wọn, ìdí tí wọ́n fi ń lọ.

Ewu kejì ni ìjókòó òòjọ́ tí ó di ìpè orúkọ. Níbi tí ọ̀gá bá ti ń fi í mọ ẹni tí kò ṣiṣẹ́ lánàá, àwọn òṣìṣẹ́ yóò kọ́ bí a ṣe ń ròyìn iṣẹ́ dáadáa, iṣẹ́ gan-an yóò sì dúró síbi tí ó wà. Ìjókòó náà wà fún wọn láti ran ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀gá tí kò bá lè dákẹ́ níbẹ̀, kí ó má lọ.

Ibi tí a ti lè rí ìrànlọ́wọ́

Agbanisíṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún tó mílíọ̀nù 50 náírà, ni òfin ní kí ó máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún sí Industrial Training Fund, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1971 fún kíkọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń san án, tí ó sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà tí àjọ náà fọwọ́ sí, lè gbà tó ìdajì owó náà padà. Ọ̀pọ̀ ń san án láì béèrè ìdápadà rí. Ní ti àwọn tí wọ́n fẹ́ fi àkóso òṣìṣẹ́ ṣe iṣẹ́ ìgbésí ayé wọn, Chartered Institute of Personnel Management of Nigeria ni àjọ tí òfin fi ṣe alákòóso iṣẹ́ náà láti 1992.

Òṣìṣẹ́ tí ó bá rò pé a ti fi àtúntò ilé-iṣẹ́ rẹ́ òun jẹ lè kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ tàbí ọ́fíìsì Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tí ń rí sí Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ yìí. Bí kò bá yanjú níbẹ̀, National Industrial Court ni kóòtù tí òfin yàn fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ń jókòó ní Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ láàrin àwọn ìlú mìíràn. Kí ẹ mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín, ìwé ìyípadà tí wọ́n fún yín, àti ìwé kékeré tí ẹ̀yin àti ọ̀gá yín jọ ń fọwọ́ sí lóṣooṣù dání.